Bí ẹ ṣe máa padà sídìí Bíbélì yín: Sáàmù 119 ní ìpín 22

Lọ́dọọdún, bí a bá ti ń darí bọ̀ láti ìsìn àìsùn ọdún tuntun, ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń pinnu pé ọdún yìí ni a máa ka Bíbélì já. Orí 1,189 ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kà á tán lọ́dún kan gbọ́dọ̀ ka orí mẹ́ta lójúmọ́, kó sì tún máa fi ọ̀kan lé e láwọn ọjọ́ kan. Jẹ́nẹ́sísì ní orí 50, Ẹ́kísódù ní 40. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ní orí mẹ́ta-mẹ́ta, ọgbọ̀n ọjọ́ gééré ni ìwé méjèèjì máa gbà. Ọjọ́ 31 oṣù kìn-ín-ní ni Léfítíkù máa pàdé yín lọ́nà, nígbà tí owó iléèwé ọmọ ti wọlé dé, tí ọyẹ́ ṣì ń gbẹ ètè, tí ara ti rẹ̀ yín. Ẹbọ sísun, ẹbọ ẹ̀bi, àrùn ẹ̀tẹ̀. Ibẹ̀ ni a ti ń dúró. Bíbélì á padà sínú báàgì, ó di ọjọ́ Àìkú kó tó tún rí ìmọ́lẹ̀.

Aṣọ ni mo ń rán ní Gáà-Akánbí, níbí ní Ìlọrin. Àwa mélòó kan máa ń pàdé nílé fún àdúrà ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Lọ́dún kan, a bi ara wa léèrè tòótọ́-tòótọ́ pé ta ló ń ka Bíbélì nílé, yàtọ̀ sí èyí tí pásítọ̀ ń kà fún wa. Kò sẹ́ni tó lè nawọ́. Ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí ni ọ̀nà tí a gbà padà. Mo kọ ọ́ fún ẹni tó ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, tó sì ti ń rò pé bóyá òun kì í ṣe ẹni ẹ̀mí.

Sáàmù kan ṣoṣo ni a máa lò, Sáàmù 119. Òun ló gùn jù nínú gbogbo orí Bíbélì: ẹsẹ 176. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà yín, nítorí ẹni tó kọ ọ́ ti gé e fún wa tẹ́lẹ̀. Ìpín 22 ni, ìpín kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ẹsẹ mẹ́jọ. Ní èdè Hébérù tó fi kọ ọ́, lẹ́tà kan náà ni ẹsẹ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ inú ìpín kan fi bẹ̀rẹ̀, títí lẹ́tà méjèèlélógún wọn fi tán. Ìpín kan, òwúrọ̀ kan. Ìṣẹ́jú 25 tó.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Bíbélì Yorùbá tí a tẹ̀ sórí ìwé. Bíbélì Mímọ́ àtijọ́ ni mo ń lò, òun náà sì ni gbogbo ẹsẹ tí mo mẹ́nu bà níbí ti wá. Bó bá jẹ́ Ìròyìn Ayọ̀ lẹ ní, ó dára. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kàn máa yàtọ̀ díẹ̀.
- Ìwé ìkọ̀wé kan tí a kò tíì kọ nǹkan kan sí, pẹ̀lú bírò méjì. Ọ̀kan á gbẹ.
- Tọ́ọ̀ṣì tàbí àtùpà tó ń gba iná pamọ́. Ẹ má fọkàn sí NẸ́PÀ.
- Ibi ìjókòó kan pàtó: àga kan, ẹní kan, igun kan.
- Ẹnìkan tó máa bi yín ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ pé, "Ìpín wo lẹ wà?" Kó má jẹ́ ẹni tí ẹ ń bẹ̀rù, kó sì má jẹ́ ẹni tó máa ń ní "kò sí wàhálà" sí ohun gbogbo.

1. Ẹ pa gbèsè àtijọ́ rẹ́

Alẹ́ tó ṣáájú ni iṣẹ́ yìí. Gbogbo orí tí ẹ kò kà lọ́dún tó kọjá, gbogbo ìwé ìtọ́sọ́nà ojoojúmọ́ tó dúró sí oṣù kejì, ẹ sọ fún Ọlọ́run pé ẹ kò lè san án mọ́, kí ẹ sì gbà pé kò bi yín. Mo mọ̀ pé ó le láti gbà gbọ́. Àwa tí a ń ṣòwò mọ ohun tí gbèsè ń ṣe: ẹni tó jẹ wá lówó á máa gba ẹ̀yìnkùlé kọjá kí ó má bàa rí wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó rò pé òun jẹ Ọlọ́run ní orí 200 ṣe ń yẹra fún Bíbélì tó wà lórí tábìlì òun.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà níbí ni pé wọ́n á ní àwọn máa bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, tàbí lọ́jọ́ kìíní oṣù. Ọ̀la ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, bí ọ̀la bá tilẹ̀ jẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ẹ ní ayẹyẹ lọ. Ẹ má sì fi ààwẹ̀ kún un. Ẹni tó bá so ààwẹ̀ mọ́ kíkà, ọjọ́ tí ààwẹ̀ bá já ni kíkà náà á já.

Ìgbésẹ̀ yìí ti parí bí ẹ bá lè dáhùn ìbéèrè méjì láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì: aago mélòó, àti níbo?

Ní ti aago, kò sí òfin. Ní àdúgbò mi, bí ládàánì bá ti pe ìrun àsùbáà ni mo máa ń dìde. Àwọn aládùúgbò mi ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, èmi náà ń lọ sídìí àga mi. Nọ́ọ̀sì kan wà láàárín wa tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́, aago mẹ́jọ àárọ̀ tó bá délé ni tirẹ̀. Abiyamọ tuntun lè mú ọ̀sán, nígbà tí ọmọ bá sùn.

2. Ẹ tẹ́ ibẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó sùn

Bíbélì ní ṣíṣí sí Sáàmù 119, ìwé lórí rẹ̀, bírò lórí ìwé, tọ́ọ̀ṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Fóònù, ẹ gbé e sí yàrá mìíràn. Bó bá jẹ́ fóònù ló ń jí yín, ẹ gbé e síbi tó jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ dìde kí ẹ tó lè pa á, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé Bíbélì wà lórí fóònù, mo sì ń lò ó bí mo bá wà nínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n fún ìpín 22 yìí, ẹ jọ̀wọ́, ìwé ni. Lórí fóònù, kí ẹ tó dé ẹsẹ kẹta, ẹnìkan á ti fi àwòrán ìkómọ ránṣẹ́, ẹ̀gbọ́n yín á ti pè láti Òmù-Àrán.

Ẹ máa mọ̀ pé ó ti tọ́ bí ẹ bá jókòó láàárọ̀, tí ẹ kò sì wá ohunkóhun kiri.

3. Ẹ ka ẹsẹ mẹ́jọ náà sókè, lẹ́ẹ̀mejì

Ibí ni mo fẹ́ kí a dúró pẹ́ díẹ̀ sí.

Ẹ kà á sí etí ara yín, ní ohùn tí kò ní jí ọmọ. Ojú máa ń fo nǹkan. Ètè kì í lè fò ó. Ìdí mìíràn tún wà tó jẹ́ ti èdè wa gan-an. Nínú Bíbélì àtijọ́, àmì ohùn kò pọ̀ lórí ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá fi ojú nìkan kà á, ẹ lè kọjá lórí ọ̀rọ̀ kan láìmọ ohùn tó yẹ ẹ́. Bí ẹ bá kà á sókè, ẹ gbọ́dọ̀ yan ohùn kan, kí ẹ tó lè yàn án, ẹ gbọ́dọ̀ ti mọ ohun tó ń sọ.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ máa ṣọ́: *rẹ* àti *rẹ̀*. Ẹ wo ìpín kìíní. Ẹsẹ kejì ní ìbùkún ni fún àwọn tó ń pa ẹ̀rí rẹ̀ mọ́. Ti Ọlọ́run ni, ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀ *nípa* Ọlọ́run, bí ìgbà tí a ń sọ̀rọ̀ ẹni tí kò sí nítòsí. Nígbà tó dé ẹsẹ kẹrin, ó yíjú: "Ìwọ ti pàṣẹ fún wa." Láti ibẹ̀ lọ, ó di ìlànà rẹ, àṣẹ rẹ, ọ̀rọ̀ rẹ. Ó ti kọjú sí Ọlọ́run, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má yíjú kúrò mọ́ títí dé òpin. Ẹsẹ mẹ́ta ló fi sọ̀rọ̀ nípa Rẹ̀. Gbogbo ìyókù, Òun ló ń bá sọ ọ́.

Ẹ wá wo ẹsẹ 9, níbi tí méjèèjì ti pàdé: "Nípa èwo ni ọ̀dọ́mọkùnrin yóò fi mú ọ̀nà rẹ̀ mọ́? Nípa ìkíyèsí i, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ rẹ." Ọ̀nà jẹ́ ti ọ̀dọ́mọkùnrin, ọ̀rọ̀ jẹ́ ti Ọlọ́run. Àmì ohùn kan ló dá wọn sí méjì. Láti kékeré ni mo ti ń ka ẹsẹ yìí sórí ní iléèwé ọjọ́ ìsinmi, mo sì ti dàgbà gan-an kí n tó gbọ́ pé ìdáhùn rẹ̀ ń bá Ẹnìkan sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń kà á lẹ́ẹ̀kejì, ẹ wá ọ̀rọ̀ tó dúró fún Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run nínú ẹsẹ kọ̀ọ̀kan: òfin, ẹ̀rí, ìlànà, àṣẹ, ìdájọ́, ẹ̀kọ́, ọ̀rọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹsẹ tí ẹ kò ní rí ọ̀kan.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀: ẹ̀ẹ̀mejì á di ẹ̀ẹ̀kan lọ́jọ́ tí a bá ń kánjú, lẹ́yìn náà kíkà sókè á di kíkà sínú. Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré lẹ ní, ẹ ka ẹsẹ mẹ́rin sókè lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ fi mẹ́rin tó kù sílẹ̀ di ọ̀la.

Ẹ pa Bíbélì dé. Bí ẹ bá lè sọ ohun tí ó kéré jù, nǹkan méjì tí onísáàmù ń sọ tàbí tó ń bẹ̀bẹ̀ fún nínú ìpín náà, ẹ ti kà á. Bí ẹ kò bá lè sọ ọ́, ẹ ṣí i padà, láìbínú sí ara yín.

4. Ẹ kọ ẹsẹ kan sílẹ̀

Ọ̀kan ṣoṣo, ní ọwọ́ ara yín. Lókè ojú ìwé, ẹ kọ nọ́ńbà ìpín. Ẹ má kọ déètì; ẹ máa rí ìdí rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ keje. Kí ẹ lè mọ ibi tí ìpín kan dópin sí, ẹ sọ nọ́ńbà rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́jọ: ìpín kẹrin parí sí ẹsẹ 32, ìpín 14 parí sí 112.

Ẹsẹ wo ni kí ẹ kọ? Èyí tó di yín lọ́wọ́ mú, ì báà jẹ́ pé kò tù yín nínú. Ẹ má yan èyí tó máa dùn-ún wò lórí ìfiránṣẹ́ WhatsApp. Ní ìpín kẹrin, àwọn kan nínú wa kọ ẹsẹ 25: "Ọkàn mi lẹ̀ mọ́ erùpẹ̀." Èmi rò pé òun náà ni mo máa kọ. Ṣùgbọ́n ẹsẹ 29 kò jẹ́ kí n lọ: "Mú ọ̀nà èké kúrò lọ́dọ̀ mi." Bírò wà lọ́wọ́ mi, mo ń wo aṣọ oníbàárà méjì tó so kọ́ sára ògiri, léèsì aláwọ̀ ewé kan àti àńkárá kan. Mo ti sọ fún àwọn méjèèjì pé wọ́n ti parí, ó ku kí n lọ̀ ọ́. N kò tíì gé e. Mo kọ ẹsẹ 29.

5. Ẹ fi ẹsẹ náà dáhùn

Gbólóhùn mẹ́ta, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èkíní, ẹ tún ohun tí ẹsẹ náà sọ sọ fún Ọlọ́run ní ọ̀rọ̀ ẹnu yín. Èkejì, ẹ sọ ibi tó ti kàn yín lónìí, pẹ̀lú orúkọ nǹkan náà. Ẹ̀kẹta, ẹ béèrè. Tèmi lọ́jọ́ náà lọ báyìí: "Olúwa, mú irọ́ kúrò ní ọ̀nà mi. Mo purọ́ fún ìyá tó ni léèsì. Fún mi ní ìgboyà láti pè é kí ilẹ̀ tó mọ́ tán." Àmín.

Ibí yìí ni àdúrà ti máa ń gba ọ̀nà mìíràn lọ. A á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ, kí á tó mọ̀, a ti wọ inú àwọn ọ̀tá ilé bàbá, ìwé ìrìnnà ọmọ àti owó ilé. Gbogbo ìyẹn ní àkókò tirẹ̀, Ọlọ́run sì ń gbọ́ ọ. Níbi ìjókòó yìí, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ Òun ló kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ wá, kí ẹ̀yin fèsì.

Bí ẹnìkan bá gbọ́ àdúrà yín láìrí Bíbélì, ṣé ó lè mọ ẹsẹ tí ẹ kà? Ẹ fi ìyẹn dán an wò.

6. Ẹ ṣe nǹkan kan nípa rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú

Lábẹ́ ẹsẹ tí ẹ kọ, ẹ kọ ìlà kan: ohun tí ẹ máa ṣe lónìí. Kó kéré, kó sì ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀. "Mo máa jẹ́ olóòótọ́" kò ṣeé ṣe láàárín aago méjì sí mẹ́ta ọ̀sán. "Mo máa pe ìyá tó ni léèsì" ṣeé ṣe. Ẹni tó ń ta gàrí lè kọ pé òun máa pààrọ̀ kọ́ńgò tí ìdí rẹ̀ ti wọnú. Mo pè é lọ́jọ́ náà. Ó bínú gan-an, ó ní kí n dá aṣọ òun padà, mo sì dá a padà bó ti rí. Mi ò lè sọ fún yín pé ìgbọràn máa ń mú owó wọlé lọ́jọ́ kan náà.

Lálẹ́, ẹ fi àmì sí ẹ̀gbẹ́ ìlà náà bí ẹ bá ṣe é. Bí ẹ kò bá ṣe é, ẹ fi í sílẹ̀ láìní àmì, kí ẹ sùn.

7. Ọjọ́ tí ẹ bá pàdánù

Ẹ máa pàdánù ọjọ́ kan. Ọmọ á ṣàìsàn, ìrìn-àjò á mú yín lọ sí Ọ̀fà lóru, tàbí kí oorun kàn borí yín. Ohun tó ń pa ìpinnu ni ohun tí a ń ṣe ní òwúrọ̀ kejì: a fẹ́ ka ìpín méjì pọ̀. Lọ́jọ́ kẹta ó di mẹ́ta. Ọjọ́ kẹrin, a ti padà sídìí gbèsè.

Ìdí nìyí tí kò fi sí déètì nínú ìwé yín. Bí ẹ bá dúró sí ìpín keje, ìpín kẹjọ ló kàn, ì báà jẹ́ ọ̀la, ì báà jẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹnìkan nínú wa fi oṣù mẹ́ta gbáko ṣe ìpín 22 yìí. Ó parí.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, nígbà tí ẹni tó ń bi yín bá béèrè, nọ́ńbà ìpín nìkan ni kí ẹ sọ. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà kan náà ni ẹ sọ lọ́sẹ̀ méjì, ó tó àkókò láti yí aago tàbí ibi ìjókòó padà.

Ìpín méjì tó nílò ìṣọ́ra

Ìpín kẹsàn-án, ẹsẹ 65 sí 72. Ẹsẹ 71 wà níbẹ̀: "Ó dára fún mi tí a pọ́n mi lójú." Ẹ fetí sí ẹni tó ń sọ ọ́. *Fún mi*, ó ní. Ẹni tí ìyà jẹ ló lè sọ ọ́ nípa ara rẹ̀, nígbà tó bá ti là á já, ní àkókò tirẹ̀. Ẹ má gbé ẹsẹ yìí lọ sílé ọ̀fọ̀. Ẹnìkan gbé e wá bá ọ̀kan nínú wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ, ó sì pẹ́ kí arábìnrin náà tó lè ṣí ìwé Sáàmù. Bí ìpọ́njú yín bá ṣì tutù, ẹ ka ìpín náà sókè, kí ẹ kọ ẹsẹ mìíràn.

Ìpín 11, ẹsẹ 81 sí 88. Ibí ni gbígbẹ máa ń dé, ní àárín ọ̀nà gan-an, sáàmù náà sì gbẹ pẹ̀lú yín. Ẹsẹ 83 ní, "Èmi dàbí ìgò-awọ lójú èéfín." Ní ilé ìdáná ìyá mi ní Òmù-Àrán, akèrègbè kan wà tó so kọ́ sókè ààrò. Kò sẹ́ni tó ń fi bu omi mọ́. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò, ó fẹ́lẹ́, bí ẹ bá fi ìka kàn án, èéfín á kun yín lọ́wọ́. Awọ ni ti onísáàmù, èéfín sì máa ń jẹ́ kí awọ súnkì, kí ó sán. Bí ọkàn òun ṣe rí nìyẹn, ó sì sọ ọ́ fún Ọlọ́run bẹ́ẹ̀, láìfi òróró kùn ún. Nítorí náà, bí ẹ kò bá rí ohunkóhun gbọ́ ní ìpín 11, ẹ má gbà pé ọ̀nà yìí ti kùnà. Ẹ kọ ẹsẹ 83. Gbólóhùn àdúrà yín lè jẹ́ ọ̀kan lọ́jọ́ náà. Ẹ jókòó títí ìṣẹ́jú 25 fi pé.

Bí ẹ bá jí lọ́jọ́ kejì tí ẹ sì ka ìpín 12, ẹ ti kọjá ibi tó le jù.

8. Ìpín 22

Ẹ yọ̀ǹda ìṣẹ́jú 40 fún ti òní. Ẹ ka ẹsẹ 169 sí 176 bí ẹ ti ń ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ìwé yín láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ ka ẹsẹ méjèèlélógún tí ẹ kọ sókè, tẹ̀lé ara wọn. Ẹ wo ìlà tó ní àmì àti èyí tí kò ní. N kò sọ pé kí ẹ ṣírò wọn. Ẹ wá ohun kan tó ń padà wá, ọ̀rọ̀ tàbí ẹ̀bẹ̀ kan náà tó wà ní ìpín kẹta, tó tún wà ní kẹwàá, tó tún wà ní ìkejìdínlógún. Tèmi ni ẹ̀tàn ẹnu. Ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó ń bi yín lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀, kó lè máa fi gbàdúrà fún yín.

Kí ẹ tó pa ìwé dé, ẹ tún wo ẹsẹ 176. Ọkùnrin yìí ti fi gbogbo ẹsẹ 175 tó ṣáájú sọ bí òun ṣe fẹ́ràn òfin Ọlọ́run tó. Ẹsẹ tó fi parí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Èmi ti ṣìnà kiri bí àgùntàn tí ó nù, wá ìránṣẹ́ rẹ." Kò sọ pé òun ti dé. Ó ní kí Olùṣọ́-àgùntàn wá òun wá. Bí ó bá ṣe yín bíi pé ìyípadà tí ẹ rí lára yín kò tó, ẹ fi ẹnu yín ka ẹsẹ náà, kí ẹ sì fi orúkọ yín sí ibi tí "ìránṣẹ́ rẹ" wà.

Ẹ má padà sórí ètò orí mẹ́ta lójúmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ojú ewé ṣì kù nínú ìwé yín. Ẹ ṣí ìwé Máàkù: orí 16 ni. Ìdajì orí lóòjọ́, sókè, lẹ́ẹ̀mejì, ẹsẹ kan ní kíkọ.